Ọbẹ̀ Dídùn àti Owó Tí Ó Pa Á: Ìtàn Ilé Oúnjẹ àti Ilé Ọtí ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn

Àṣamọ̀

Bí a ṣe ń se oúnjẹ Yorùbá nínú ilé ti rí àkíyèsí àwọn onímọ̀ gbà ju bí a ṣe ń rà á jẹ ní ìta lọ. Àpilẹ̀kọ yìí tọ ipasẹ̀ ilé oúnjẹ àti ilé ọtí ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn láti ìgbà tí àwọn alájàpá ń fi ẹsẹ̀ rìn títí di òde òní. Ohun tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kì í ṣe owó pọ́ọ́kú nìkan ni àwọn ará Òkè-Ògùn fi ń mọ ilé oúnjẹ tí ó dára. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò: ẹ̀rí àwọn tí kò lè fara mọ́ ìrẹ́jẹ, ìwọ̀n tí ojú lè rí, àti àjọṣe tí ó wà láàárín olóúnjẹ àti oníbàárà rẹ̀. Àpilẹ̀kọ náà tọ́ka sí ewu tí ọ̀wọ́n gógó ìgbà yìí mú bá ìmọ̀ náà, ó sì dá ìmọ̀ràn lórí ipa tí àwọn olùkọ́ lè kó.

Ìfáàrà

Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Bí a bá fi etí lásán gbọ́ òwe yìí, a lè rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe: olówó ni yóò máa jẹ ọbẹ̀ dídùn, tálákà yóò sì máa fi ojú jẹ ẹ́. Ìtàn Òkè-Ògùn kò rí bẹ́ẹ̀. Alárù, ọmọ iṣẹ́ ahunṣọ, awakọ̀, alájàpá àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jẹ ọbẹ̀ dídùn ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn láti ọjọ́ pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ni owó ọwọ́ wọn kò pọ̀. Ìbéèrè tí ó jẹ àpilẹ̀kọ yìí lógún ni èyí: báwo ni ẹni tí ó dé ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣe ń mọ ibi tí yóò ti jẹun tí inú rẹ̀ yóò fi dùn?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikùn lásán. Ọ̀rọ̀ ọrọ̀ ajé ni, ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí ni, ọ̀rọ̀ èdè sì ni pẹ̀lú. Ní ọdún 1951, William Bascom tẹ àpilẹ̀kọ méjì jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí a ń pè ní Africa, ọ̀kan lórí oúnjẹ Yorùbá, èkejì lórí bí a ṣe ń sè é. Jane Guyer ní tirẹ̀ tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1997 lórí bí àwọn àgbẹ̀ Ìdèrè ní ilẹ̀ Ìbàràpá ṣe ń bọ́ ìlú Ìbàdàn láàárín ọdún 1968 sí 1988. Ìbàràpá bá Òkè-Ògùn pààlà, nítorí náà ìwé náà ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí oúnjẹ ṣe ń kúrò ní oko dé ìlú ńlá. Láti ìhà ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń fi owó ra àwo oúnjẹ kan ṣoṣo ni àpilẹ̀kọ yìí ti wo ọ̀rọ̀ náà ní tirẹ̀.

Òkè-Ògùn: Ilẹ̀ Iṣu àti Ojú Ọ̀nà

Ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó wà ní òkè odò Ògùn ni à ń pè ní Òkè-Ògùn. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 33 tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 10 ni ó wà ní agbègbè yìí. Ìsẹ́yìn, ìlú Aṣẹ́yìn, ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti ìhà Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Ṣakí, ìlú Òkéré, wà ní òkè lọ́hùn-ún, ní apá tí ó kọjú sí ilẹ̀ Ìbàrìbá àti ààlà orílẹ̀-èdè Benin. Láàárín àwọn méjèèjì àti ní àyíká wọn ni Òkèhò, Òtu, Tedé, Agọ́-Àmọ̀dù, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Ìgbòho, Kìṣí àti Ìgbẹ́tì wà.

Ohun méjì ni ó sọ agbègbè yìí di ibi tí òwò oúnjẹ ti gbilẹ̀. Èkíní ni ilẹ̀ rẹ̀. Iṣu, ọkà bàbà, àgbàdo, ẹ̀gúsí, ẹ̀wà, ata àti gbáguda ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Àwọn Fúlàní darandaran tí wọ́n tẹ̀dó sí agbègbè náà ń pèsè ẹran àti wàrà. Ìwọ̀nba ohun tí ó wà nínú àwo àmàlà tí ọ̀dàn kì í pèsè tó kò ju epo pupa tí ilẹ̀ igbó ń fi ránṣẹ́ àti iyọ̀ tí ó ń ti ìsàlẹ̀ wá. Nítorí náà, olóúnjẹ tí ó wà ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn sún mọ́ orísun ọjà rẹ̀ ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wà ní Èkó lọ.

Èkejì ni ojú ọ̀nà. Ọ̀nà tí ó ti etí òkun lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé gba inú agbègbè yìí kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀nà tí ó lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá. Ibi tí èrò bá ń gbà kọjá, ebi yóò máa pa èrò níbẹ̀, ẹni tí yóò sì bọ́ wọn kò ní ṣàì yọjú.

Ẹ̀sìn pẹ̀lú fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà. T.G.O. Gbadamosi, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1978 lórí ìdàgbàsókè ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní ilẹ̀ Yorùbá, tọ́ka sí i pé mọ́sáláásí ti wà ní Ìsẹ́yìn ní nǹkan bí ọdún 1760, àti ní Ṣakí ní nǹkan bí ọdún 1790. Ìlú tí Ìsìláàmù ti pẹ́ tó báyìí kò ní fi ojú kékeré wo ẹni tí ó pa ẹran àti bí ó ṣe pa á. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé a ya ilé oúnjẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ilé ọtí, àti pé bútà omi ní ẹnu ọ̀nà búkà jẹ́ àmì kan tí àlejò Mùsùlùmí máa ń wò kí ó tó jókòó.

Oúnjẹ Àlejò Ṣáájú Ìjọba Òyìnbó

Ọ̀nà méjì ni àlejò fi ń jẹun ní ìlú onílùú láyé àtijọ́. Ọ̀nà kìíní jẹ́ ti àlejò ọba. Nígbà tí Hugh Clapperton àti ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander, ń ti Àgbádárìgì lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, ibi tí wọ́n dé ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1826, àwọn olórí ìlú tí wọ́n ń bá lójú ọ̀nà ni ó ń gbà wọ́n ní àlejò. Àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò náà, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1829, kún fún iṣu, ewúrẹ́ àti adìyẹ tí àwọn ọba àti baálẹ̀ ń fi ṣe wọ́n ní àlejò. Irú àlejò bẹ́ẹ̀ kò ní í béèrè iye tí a ń ta oúnjẹ, nítorí ẹ̀bùn ni oúnjẹ rẹ̀, ẹ̀bùn náà sì ní ẹ̀san tirẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti alájàpá àti alárù. Ẹni tí ó ru ẹrù wọ ìlú kì í lọ sí ààfin. Ilé onílé kan ni ó ń wọ̀ sí, onílé náà sì sábà máa ń jẹ́ alágbàtà tí ó ń bá a ta ọjà. Ó lè rí ẹ̀kọ àti omi mu níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn èrò tí ó bá pọ̀ ní láti jáde lọ ra oúnjẹ lọ́jà. Ajíhìnrere T.J. Bowen, tí ó dé ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1850, ṣe àpèjúwe ọjà alẹ́ nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1857. Ó ní bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí òṣùpá kò sí, obìnrin kọ̀ọ̀kan a tan fìtílà rẹ̀ kékeré, tí ọjà yóò fi dà bí ìràwọ̀ lójú ẹni tí ó wà lókèèrè. Àsìkò tí àgbẹ̀ ń ti oko dé, tí èrò sì ń sọ ẹrù kalẹ̀, ni ọjà náà ń gbóná. Àsìkò tí ebi ń pa àwọn èèyàn náà nìyẹn.

Lábẹ́ irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, báwo ni àlejò ṣe ń yan olóúnjẹ? Ohun mẹ́ta ni ó ń ràn án lọ́wọ́. Onílé rẹ̀ yóò júwe, nítorí ìtìjú onílé ni bí àlejò rẹ̀ bá jẹ ìjẹkújẹ. Ẹni tí ó ṣáájú ẹgbẹ́ èrò, tí ó ti gba ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, yóò mú wọn lọ sí ibi tí òun ti mọ̀. Bí kò bá sì sí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì, etí rẹ̀ yóò gbọ́ ìpolówó ọjà. Àkàrà, ọ̀lẹ̀lẹ̀, ẹ̀kọ àti ẹ̀wà ni ó ní ìpolówó tirẹ̀, olóúnjẹ tí ó bá sì parọ́ nínú ìpolówó rẹ̀ lónìí yóò bá ìtìjú pàdé lọ́la.

Ìwọ̀n, Ènì àti Àwìn

Owó tí a ń ná ní ipa púpọ̀ lórí bí tálákà ṣe ń jẹun. Nígbà tí a ń ná owó ẹyọ, 40 ẹyọ ni a ń sín pọ̀ sórí okùn kan, 2,000 ni ẹgbàá kan, 20,000 sì ni ọ̀kẹ́ kan. Nítorí pé ẹyọ kan kéré púpọ̀, ó ṣeé ṣe láti ra oúnjẹ ní ìwọ̀n kékeré. Nígbà tí ìjọba òyìnbó mú owó onírin wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kọ́bọ̀ kan ti pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ nǹkan tí a ń rà jẹ. Ohun tí ó mú wọn ṣe ọ̀nìnì nìyẹn, owó olójúhò tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Tọ́rọ́ àti sísì jẹ́ owó tí ó tóbi létí àwo olóúnjẹ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1973 ni náírà rọ́pò wọn.

Nínú gbogbo àyípadà yìí, ìlànà kan kò yí padà. Ẹni tí ó ń rà ni ó ń dárúkọ owó. Ẹni tí ó ń tà ni ó ń bu ìwọ̀n. Oníbàárà kì í sọ pé kí a bu ìgbakọ mẹ́ta fún òun. Iye owó tí ó fẹ́ jẹ ni ó ń dá. Nítorí bẹ́ẹ̀, bí ọjà bá wọ́n, orúkọ owó lè wà bákan náà kí òkìtì ọkà inú àwo máa kéré sí i. Ọgbọ́n oníbàárà ni kí ojú rẹ̀ mọ ìwọ̀n. Ìwà ọmọlúàbí olóúnjẹ ni kí ìgbakọ rẹ̀ má ṣe yàtọ̀ láti orí ẹnì kan sí òmíràn, kí ó sì sọ ọ́ síta bí ọjà bá ti wọ́n tí ó sì ní láti dín ìwọ̀n kù.

Ibi tí ènì ti wọlé nìyí. Ènì ni èyí tí olóúnjẹ bù lé e lẹ́yìn tí ó ti bu ti owó tán: ọbẹ̀ díẹ̀, ẹ̀wà díẹ̀, egungun kan tí ẹran ṣì wà lára rẹ̀. Kì í ṣe ọrẹ àánú. Ẹ̀tọ́ oníbàárà ni, olóúnjẹ tí kò bá sì fi ènì sí i, ahun ni wọn yóò pè é. Owó pọ́ọ́kú tí kò ní ènì kò tó oúnjẹ tí ó wọ́n díẹ̀ tí ó ní ènì lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí ènì ń sọ fún ẹni tí ó ń jẹun pé a rí òun, a sì fẹ́ kí òun padà wá.

Àwìn ni ẹ̀kejì ènì. Ní Ìsẹ́yìn, tí òkìkí aṣọ òkè rẹ̀ ti kàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ahunṣọ ń rí owó. Ó lè hun aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí oníṣòwò tó wá rà á, ebi kò sì ní dúró de ọjọ́ ọjà. Olóúnjẹ tí ó sún mọ́ ibi tí a ti ń hun aṣọ ní láti mọ ẹni tí a lè ta àwìn fún àti ẹni tí a kò lè tà á fún. Ó ń ka oníbàárà bí oníbàárà ti ń ka ìgbakọ rẹ̀. Ilé oúnjẹ tí ó wà nítòsí òfì jẹ́ ibi tí a ti ń jẹun, ó sì tún jẹ́ ibi tí a ti ń yá owó láìfi ìwé sí i.

Ọkọ̀, Gáréèjì àti Búkà

Ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Èkó gbéra dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ó sì dé Ìlọrin ní ọdún 1908. Kò gba Òkè-Ògùn. Ìlú tí ojú irin gbà kọjá ní ibùdókọ̀ tí èrò ń rọ́ sí. Ṣakí àti Ìsẹ́yìn ṣì ń lo orí alárù. Ìgbà tí a la ọ̀nà ọkọ̀ tí ọkọ̀ akẹ́rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ni nǹkan yí padà. Ọkọ̀ kò dúró síbi gbogbo. Gáréèjì ni ó ń dúró sí. Bí gáréèjì ti fìdí múlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn olóúnjẹ ṣe ń sún kúrò lábẹ́ igi ọjà lọ sí ẹ̀bá rẹ̀, tí wọ́n sì ń pa àtíbàbà tí a wá ń pè ní búkà. Ọ̀rọ̀ Hausa ni búkà. Ahéré ni ó túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ fi hàn pé èrò ọ̀nà jíjìn ni àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tún wáyé tí ó fi ọwọ́ kan àwọn ìlú wọ̀nyí gidigidi. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì ni ó ti lọ ṣòwò ní ilẹ̀ Ghana. Ní oṣù Bélú ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè náà. J.S. Eades kọ ìwé lórí ìgbésí ayé àwọn oníṣòwò wọ̀nyí, èyí tí ó jáde ní ọdún 1993. Ẹni tí ó padà wálé láìní ọjà àti láìní ṣọ́ọ̀bù ní láti wá òwò tí a lè fi owó kékeré bẹ̀rẹ̀. Ìkòkò, ààrò, èlùbọ́ àti igi ìdáná kò ju agbára obìnrin kan tí ó ti mọ òwò ṣe lọ.

Ní ayé gáréèjì, awakọ̀ ni ó rọ́pò ẹni tí ó ń ṣáájú ẹgbẹ́ èrò láyé ọjọ́un. Ibi tí awakọ̀ bá dúró sí ni èrò ọkọ̀ yóò ti jẹun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ibi tí awakọ̀ bá ti ń jẹun ni oúnjẹ ti dára, nítorí ẹni tí ó ń rìn ní ojoojúmọ́ ti tọ́ gbogbo rẹ̀ wò. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Olóúnjẹ mìíràn a máa fún awakọ̀ ní ọ̀fẹ́, tàbí kí ó fi ẹran kún tirẹ̀, kí ó lè máa kó èrò wá. Ẹ̀rí irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ nínú. Ibi tí awakọ̀ ń lọ nígbà tí kò gbé èrò kankan, tí ó sì fi owó ara rẹ̀ ra oúnjẹ, ni ẹlẹ́gbọ́n ń wò. Ìlànà yìí kọjá ọ̀rọ̀ oúnjẹ: kí a tó gba ẹ̀rí gbọ́, kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ẹlẹ́rìí yóò rí jẹ nínú rẹ̀.

Ilé Ẹmu àti Ilé Ọtí

Ọtí ní ìtàn tirẹ̀. Nítorí pé ọ̀pẹ kò pọ̀ ní ọ̀dàn bí ti igbó, ọtí ọkà bàbà àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí a fi àgbàdo pọn kó ipa pàtàkì ní Òkè-Ògùn. Ọtí ọkà kì í ṣe ohun tí a ń pọn ní wákàtí kan. A ní láti rẹ ọkà, kí ó hù, kí a sá a, kí a lọ̀ ọ́, kí a sè é, kí ó sì kan. Nítorí náà, obìnrin tí ó ń pọn ọtí ní ọjọ́ tirẹ̀, àwọn oníbàárà sì mọ ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mu ọtí tí ó dára kì í béèrè ilé ta nìkan, ó ń béèrè ọjọ́ pẹ̀lú.

Wákàtí ni a ń wò ní ti ẹmu. Ẹmu òwúrọ̀ dùn. Ti ìrọ̀lẹ́ ti ń le. Ti àná ti kan. Àwọn tí kò bẹ̀rù ojú Ọlọ́run a máa bu omi sí i, wọn a sì fi ohun adùn-bí-ṣúgà bo omi náà mọ́lẹ̀. Àṣà pé kí ẹni tí ó gbé ẹmu kalẹ̀ kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí májèlé níbẹ̀. Ó sì tún jẹ́ ọ̀nà tí oníbàárà fi ń wo ojú rẹ̀ bí ó ti ń mu ohun tí ó gbé wá. Ní ti ògógóró, ìjọba amúnisìn fi òfin dè é, ìkọ̀kọ̀ ni a sì ń tà á. Ọjà tí a ń tà ní ìkọ̀kọ̀ kò ní ẹlẹ́rìí, èyí sì ni ìdí tí ó fi rọrùn láti fi rẹ́ ènìyàn jẹ.

Ọtí ìgò ni ó yí ìwọ̀n padà. Ní ọdún 1949 ni a kọ́kọ́ pọn bíà Star ní Èkó. Ní ọdún 1962 ni ilé iṣẹ́ Guinness bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹjà. Bí ìgò wọ̀nyí ti dé Òkè-Ògùn, ìwọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyàn mọ́, nítorí ohun tí ó wà nínú ìgò ní Ṣakí kò yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú ti Èkó. Ohun tí ó kù láti fi yan ilé ọtí ni bí ọtí ṣe tutù tó, iye tí wọ́n fi lé e, irú ẹran àti ata tí wọ́n ń sè, àti àwọn tí ó jókòó níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mu ọtí láìná owó púpọ̀ a máa yẹra fún ibi tí orin ti ń hó gèè, nítorí orí ìgò ni owó orin náà ń bọ́ sí.

Àwọn Àmì Tí A Fi Ń Mọ̀ Ọ́n

Bí a bá kó gbogbo èyí jọ, àmì márùn-ún ni ó hàn kedere nínú ìtàn ilé oúnjẹ ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn.

Ìkíní ni irú ènìyàn tí ó jókòó níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èrò nìkan kò tó. Bí ọmọ iṣẹ́, alárù àti ìyá ọlọ́jà bá ń padà síbẹ̀ lójoojúmọ́, ìwọ̀n rẹ̀ dára, nítorí àwọn wọ̀nyí kò ní owó tí wọn yóò fi tọ́ ìrẹ́jẹ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ìkejì ni àkókò. Ilé oúnjẹ tí ìkòkò rẹ̀ ń gbẹ ní agogo méjì ọ̀sán ń se ti òòjọ́. Èyí tí ọbẹ̀ rẹ̀ kì í tán, ó yẹ kí a béèrè ìgbà tí a sè é.

Ìkẹta ni àmàlà fúnra rẹ̀. Èlùbọ́ iṣu ní iṣẹ́ nínú: a ó bó iṣu, a ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, a ó sá a kí ó di gbodo, kí a tó lọ̀ ọ́. Àmàlà rẹ̀ a máa dúdú, a sì máa jọ̀lọ̀ lọ́nà ọ̀fun. Láfún, èyí tí a fi gbáguda ṣe, funfun ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí àléébù lára láfún bí a bá pè é ní orúkọ rẹ̀. Àléébù wà nínú kí a po ó mọ́ èlùbọ́ iṣu kí a sì gba owó iṣu lórí rẹ̀.

Ìkẹrin ni ọbẹ̀. Gbẹ̀gìrì tí a fi ẹ̀wà gidi sè kì í ṣàn bí omi, ewédú kì í sì í pẹ́ nílẹ̀ kí ó má yí padà. Ọbẹ̀ ata lè fi ara pamọ́ sábẹ́ epo, ṣùgbọ́n gbẹ̀gìrì kò ní ibi tí yóò sá sí.

Ìkarùn-ún ni ahọ́n olóúnjẹ. Ìyá alámàlà tí ó ń sọ fún oníbàárà pé ẹran òní le, tàbí pé ọbẹ̀ kò tíì jinná, pàdánù owó díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì jèrè oníbàárà fún ọdún púpọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí tí ó dára jù.

Ọmọ Òkè-Ògùn ní Ìlú Ńlá

Àwọn àmì yìí kò dúró sí ilé. Ọmọ Ṣakí tí ó bá lọ kàwé tàbí ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn gbé wọn dání. Ìbàdàn tóbi, kò sì sí onílé tí yóò júwe fún un. Síbẹ̀, èlùbọ́ Òkè-Ògùn ń dé ọjà Bódìjà, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n ní ilé yóò dá a mọ̀ ní ẹ̀yìn odi. Bí àwọn tí ń jẹun ní ìlú ńlá ṣe ń fún ilé oúnjẹ ní orúkọ jẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Ilé àmàlà olókìkí kan wà ní Bódìjà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Àmàlà Skye, nítorí pé ó sún mọ́ ẹ̀ka ilé ìfowópamọ́ Skye. Ní ọdún 2018 ilé ìfowópamọ́ náà kógbá sílé, Polaris sì gba ipò rẹ̀. Orúkọ àmàlà kò yí padà. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tí ó jẹun yó ni ó gbé orúkọ náà ró, ó sì pẹ́ ju pátákó ilé ìfowópamọ́ lọ. Bí ọjà alẹ́ ti rí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún náà nìyẹn: ẹnu oníbàárà ni ìwé ìtọ́nà.

Ewu Tí Ó Dojú Kọ Ìmọ̀ Yìí

Kì í ṣe òní ni ọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ọdún 1986 dín agbára náírà kù, ìwọ̀n inú àwo sì kéré sí i. Ṣùgbọ́n èyí tí ó tẹ̀lé ìyọkúrò owó ìrànwọ́ epo bẹntiróòlù ní oṣù Èbìbí ọdún 2023 le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ tí ó ń rí sí ìṣirò orílẹ̀-èdè kéde pé nínú oṣù Òkúdù ọdún 2024, iye owó oúnjẹ fi ìdá 40.87 nínú 100 ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Nàìjíríà ni ó ń gbin iṣu jù lọ ní àgbáyé, síbẹ̀ iṣu di ohun tí òṣìṣẹ́ ń wò kọjá. Owó ọkọ̀ tí ó gbé èlùbọ́ kúrò ní Ṣakí wà nínú owó àmàlà tí ọmọ Ṣakí ń jẹ ní Ìbàdàn.

Ohun tí ọ̀wọ́n yìí kọ́kọ́ pa ni ènì. Olóúnjẹ tí èrè rẹ̀ kò tó nǹkan kò rí ohun tí yóò bù lé e. Lẹ́yìn ènì, àwìn ni ó ń kú, nítorí owó tí a bá dá padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè ra iye ọjà tí ó rà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn àwìn ni ìdánwò tí ó burú jù dé: kí a po gbáguda mọ́ iṣu. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá lọ, ohun tí yóò kù láàárín olóúnjẹ àti ẹni tí ó ń jẹun kò ní ju owó lọ. Òwe tí ó sọ pé owó ni ó pa ọbẹ̀ dídùn yóò wá ṣẹ tán pátápátá.

Lákòókò kan náà, èrò tuntun ń dé. Ìsẹ́yìn ni ibùdó tí a ti ń gba àwọn àgùnbánirọ̀ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wọlé, ẹ̀ka Yunifásítì LAUTECH sì ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ṣakí ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. A sì ti tún ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, tí ó gùn ní kìlómítà 65, ṣe. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí wá láti ibi tí a kì í ti í jẹ àmàlà, wọn kò sì mọ ohun tí ènì túmọ̀ sí. Bí kò bá sí ẹni tí yóò kọ́ wọn, iye owó nìkan ni wọn yóò fi máa wọn oúnjẹ, olóúnjẹ pẹ̀lú yóò sì fi iye owó nìkan dá wọn lóhùn.

Ìlò Rẹ̀ fún Olùkọ́

Ìmọ̀ yìí yẹ kó wọ inú kíláàsì. Nínú ẹ̀kọ́ àṣà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣàkójọ ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ òwò oúnjẹ ní ìlú wọn: ìgbakọ, gbodo, ènì, àwìn, ìpolówó, oníbàárà. Ní ẹ̀kọ́ ìtàn, wọ́n lè bi àwọn ìyá alámàlà tí ó ti dàgbà léèrè bí ìwọ̀n tọ́rọ́ ṣe rí àti bí wọ́n ṣe dín in kù nígbà ọ̀wọ́n. Ní ẹ̀kọ́ ìṣirò, ẹyọ, ọ̀nìnì àti kọ́bọ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ tí kò sú ọmọdé. Kí wọ́n ṣe é ní kíákíá, nítorí àwọn tí ó fi tọ́rọ́ ta ọkà kò pọ̀ mọ́, ẹni tí ó bá sì lọ nínú wọn, ìwé kan ni a sin mọ́ ọn.

Ìgúnlẹ̀

Ìtàn ilé oúnjẹ àti ilé ọtí ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn fi hàn pé àlejò tí kò lówó púpọ̀ kì í ṣe ẹran ìjẹ fún olóúnjẹ. Láti ìgbà fìtílà ọjà alẹ́ títí di ìgbà gáréèjì, ó ní ẹlẹ́rìí, ó ní ìwọ̀n, ó sì ní àjọṣe tí ó dúró lé. Owó yí padà, ọ̀nà yí padà, ìgò rọ́pò agbè, ṣùgbọ́n ìlànà náà dúró. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe ni àwọn àgbà wí. Ilé oúnjẹ tí ó ń fi òótọ́ bu ìgbakọ jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó ń yọ ebi kúrò nínú ìṣẹ́, ìlú tí ó bá sì jẹ́ kí irú rẹ̀ parun yóò mọ̀ ọ́n lára ní ọjọ́ tí àlejò bá béèrè ibi tí òun ti lè jẹun, tí kò sì sí ẹni tí ó lè fi ọkàn balẹ̀ júwe fún un.